Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà wo ló yẹ kó wọ ọ̀wọ́ ìwé àgbà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ẹ ní kí òǹkàwé mẹ́wàá dárúkọ òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó yẹ kí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle, orúkọ tí wọn yóò dá kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: Twain, Hemingway, Fitzgerald, Faulkner, Morrison. Òkìkí ni wọ́n fi yàn wọ́n. Òkìkí kò burú, àmọ́ ẹni tó fẹ́ náwó sórí ìdìpọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú ìwé gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan mìíràn: kí ni àkójọ máa ṣe fún òǹkọ̀wé yìí tí ìwé ẹlẹ́yọ tó wà lórí àtẹ kò tíì ṣe? Bó bá jẹ́ ìbéèrè yìí la fẹ́ tẹ̀ lé, Zora Neale Hurston ló ṣíwájú Hemingway, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hemingway ló gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀wọ́ tí a ó máa tọ́ka sí ni Library of America. Edmund Wilson, alámèyítọ́ lítíréṣọ̀, ti ń pariwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé Faransé ní ọ̀wọ́ ìwé àgbà tirẹ̀, Bibliothèque de la Pléiade, láti 1931, tí Amẹ́ríkà kò sì ní irú rẹ̀. Ó kú ní 1972, kò fojú rí i. Ní 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú owó National Endowment for the Humanities àti Ford Foundation. Àwọn ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1982: Melville, Hawthorne, Whitman àti Harriet Beecher Stowe. Wọ́n ti lé ní 300 báyìí. Ìdìpọ̀ kan sábà máa ń ní 700 sí 1,600 ojú ìwé, lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í tètè pọ́n, òwú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀, rìbọ́ọ̀nù sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà. Ẹ kò ní bá ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n kó ìtàn ayé òǹkọ̀wé, àlàyé lórí ẹ̀dà tí wọ́n lò àti àwọn àkíyèsí sí. Àlàyé ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá olóòtú ṣiṣẹ́, tàbí ńṣe ló kàn da ìwé àtijọ́ kọ.

Ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ká ní ojú ìwé kan gba nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀. Ìdìpọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú ìwé á gba 400,000. Moby-Dick ti Melville nìkan lé ní 200,000, ìdajì ìdìpọ̀ ti lọ nìyẹn. The Great Gatsby kò ju nǹkan bí 50,000 lọ, ìyẹn ojú ìwé 120 tàbí díẹ̀ sí i. Fitzgerald rí ìtàn kúkúrú àti ìwé mìíràn fi kún un. Ẹni tí kò bá rí nǹkan gidi fi kún un ni ìṣòro wà lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ẹni tó ra ìdìpọ̀ rẹ̀ máa sanwó ojú ìwé 600 tí kò ní kà láéláé.

Ìkejì ni ẹ̀dà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó jáde nígbà ayé òǹkọ̀wé jẹ́ ohun tó kọ gan-an. Olùtẹ̀wé lè gé e, ẹgbẹ́ tó ń ta ìwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n yọ ìran kan, tàbí kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ padà wá tún un kọ lọ́jọ́ alẹ́. Henry James gbé The Portrait of a Lady jáde ní 1881, ó sì tún gbólóhùn rẹ̀ kọ káàkiri fún New York Edition, àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde láàárín 1907 sí 1909. Ó ti di ìwé méjì. Olóòtú tó mú ọ̀kan tí kò sọ èyí tó mú fún wa kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Ìkẹta ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ olùtẹ̀wé ti ń yọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àárín ọ̀rúndún ogún tí wọ́n tún ẹ̀tọ́ rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ máa ń lo ọdún 95 lábẹ́ ẹ̀tọ́, láti ọdún tó jáde. The Sun Also Rises ti Hemingway (1926) bọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022. The Sound and the Fury ti Faulkner (1929) bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Òfin Nàìjíríà ti 2022 kò kà á bẹ́ẹ̀. Ikú òǹkọ̀wé ló fi ń kà á, ó sì fi ọdún 70 lé e. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ tẹ Hemingway ní Ìbàdàn tàbí tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò gbọdọ̀ torí pé ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó wá gbà pé ọ̀nà ti là: 1961 ni Hemingway kú, òpin 2031 ni 70 ọdún yẹn máa pé. Ti Fitzgerald yí padà. 1940 ló kú, nítorí náà 70 ọdún rẹ̀ ti pé ní òpin 2010, ṣùgbọ́n Tender Is the Night (1934) ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà títí òpin 2029. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, fún ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tà á, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó bébà.

Ìkẹrin ni pé tí a kò bá kó o jọ, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ máa fọ́n ká? Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ẹjọ́ nígbà tí ẹni méjì bá jọ yẹ, tí àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

Hurston àti Wright

Ọdún kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú méjèèjì kú, 1960: Hurston ní Fort Pierce ní Florida, Richard Wright ní Paris. Wọn kò gba ti ara wọn. Ní 1937, Wright kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New Masses pé ìtàn àròsọ Hurston, Their Eyes Were Watching God, kò ní kókó, kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hurston náà dá a padà fún un nígbà tó ń yẹ ìwé Wright, Uncle Tom's Children, wò, ó ní ìkórìíra ló kún inú ìwé náà. Àwọn méjèèjì wà nínú Library of America, ìdìpọ̀ méjì méjì: ti Wright ní 1991, Arnold Rampersad ni olóòtú, ti Hurston ní 1995, Cheryl A. Wall ló ṣe é.

Ká kọ́kọ́ wo Wright, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ti le jù. Kí Native Son tó jáde ní 1940, Book-of-the-Month Club, ẹgbẹ́ tó ń ta ìwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ní kí wọ́n yọ àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìran ilé sinimá ló forí fá a jù. Nínú ohun tí Wright kọ, Bigger, akọni ìwé náà, àti Jack ọ̀rẹ́ rẹ̀ hùwà tí kò ṣeé ṣe láwùjọ nínú òkùnkùn sinimá. Lẹ́yìn náà ni fíìmù ìròyìn gbé Mary Dalton jáde létíkun ní Florida, pẹ̀lú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó jẹ́ kọ́múníìsì. Wọ́n gé e kúrò. Ẹ wo ohun tó bàjẹ́: nínú ẹ̀dà àtilẹ̀wá, Bigger ti fojú rí Mary lára ògiri sinimá kó tó lọ gba iṣẹ́ dírẹ́bà nílé bàbá rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ olówó tó ń ṣe fàájì. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n gé, ọmọbìnrin náà kàn ṣàdédé yọ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, nígbà tí Bigger pa á, kò wá ní gbòǹgbò kan náà mọ́.

Black Boy (1945), ìtàn ayé Wright fúnra rẹ̀, pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá méjì ni ìwé náà ní, ìgbà èwe ní Gúúsù àti ìgbà tó dé Chicago. Ẹgbẹ́ yẹn náà gba apá àkọ́kọ́ nìkan, apá kejì sì di ìwé ọ̀tọ̀ ní 1977, ọdún 17 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, pẹ̀lú orúkọ American Hunger. Ìdìpọ̀ 1991 ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀dà àtijọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ á rò pé ìwé náà parí nígbà tí ọmọkùnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àríwá. Kò tíì parí.

Hurston ńkọ́? Olùtẹ̀wé yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú Dust Tracks on a Road (1942), pàápàá ibi tó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó ń jẹ gàba lórí àwọn ẹlòmíràn. Ìdìpọ̀ 1995 dá a padà. Àmọ́ ohun tó mú kí àkójọ bá a mu ju ìyẹn lọ. Ìtàn àròsọ rẹ̀ àti iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń fún ara wọn lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ àwàdà àti àlọ́ tó gbà sílẹ̀ ní Florida fún Mules and Men (1935) ni ẹ óò tún máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú Their Eyes. Bẹ́ ẹ bá ra ìtàn àròsọ nìkan, ẹ ti gbé ilé láìgbé ìpìlẹ̀. Ìdìpọ̀ méjì ló yẹ ẹ́, kí wọ́n má sì tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àlébù kan wà lára àkójọ yẹn o. Barracoon, ìwé Hurston lórí ọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú, kò sí nínú rẹ̀. Hurston ló fọ̀rọ̀ wá Cudjo Lewis lẹ́nu wò ní Africatown lẹ́bàá Mobile, Alabama. Oluale Kossola ni orúkọ rẹ̀ látilẹ̀wá, wọ́n kó o láti agbègbè Bantè, ní Benin òde òní, láàárín àwọn ènìyàn tó jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Dahomey pa ìlú rẹ̀ run. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé e dé ní 1860, ó lé ní 50 ọdún lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé. Ilé ìtẹ̀wé tó fi ìwé náà lọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ní kó yí ọ̀rọ̀ bàbá náà sí Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́. Ó kọ̀, ó fẹ́ kó wà bí bàbá ṣe sọ ọ́. 2018 ni ìwé náà tó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ odindi Hurston, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire, gbọ́dọ̀ ra á lọ́tọ̀ kó fi kún un.

Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa wọlé, Hurston ni a mú. Kì í ṣe pé ó ju Wright lọ. Ẹ̀dà Wright tí wọ́n ti tún ṣe ti wà ní ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ ṣáà ti rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀dà tí wọ́n dá padà sípò ni. Iṣẹ́ Hurston ló ṣì fọ́n sí ibi púpọ̀.

Faulkner àti Hemingway

Eléyìí kò gba àkókò. Ìwé Hemingway kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, ó kúrú, ó sì wà níbi gbogbo. Ọ̀wọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìdìpọ̀ Hemingway àkọ́kọ́ kò sì jáde títí di 2020, síbẹ̀ kò sí òǹkàwé tó wá Hemingway tì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Faulkner ni ẹni tí àkójọ ṣe lóore. Àgbègbè àròsọ kan ṣoṣo, Yoknapatawpha, ni ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kú nínú ìwé kan, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè máa dáhùn fún un nínú òmíràn. Quentin Compson tẹ́ ẹ bá pàdé nínú The Sound and the Fury ni yóò tún jókòó máa gbọ́ ìtàn Sutpen nínú Absalom, Absalom! (1936). Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tún wà níbẹ̀. Flags in the Dust pọ̀ jù lójú olùtẹ̀wé, wọ́n gé e, ó jáde bíi Sartoris ní 1929, odindi rẹ̀ kò sì jáde títí di 1973. Ìdìpọ̀ Novels 1926–1929 mú Flags, ó fi Sartoris sílẹ̀. A fara mọ́ ọn, àmọ́ kí ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé àwọn alámèyítọ́ ìgbà náà, Sartoris ni wọ́n kà. Ìdìpọ̀ márùn-ún ni gbogbo ìtàn àròsọ gígùn rẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1930–1935, níbi tí As I Lay Dying àti Light in August wà.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní oníwèé kan

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù nìyí: “Ìwé kan ló kọ tó dára.” Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Stowe wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní 1982, wọ́n fi The Minister's Wooing àti Oldtown Folks ti Uncle Tom's Cabin (1852) lẹ́yìn. Ká sọ òótọ́, ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rà. Ìtàn orílẹ̀-èdè ló gbé e wọlé, ẹni tí kò ní àyè púpọ̀ lè ra ẹlẹ́yọ rẹ̀ pẹ̀lú àkíyèsí tó péye.

Shirley Jackson ni wọ́n fi ẹ̀sùn yìí kàn láìtọ́. Nígbà tí ìdìpọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010, àwọn kan ń béèrè bóyá òǹkọ̀wé ti tán ní Amẹ́ríkà, torí “The Lottery” (1948) nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ ka The Haunting of Hill House (1959), kẹ́ ẹ wá ka We Have Always Lived in the Castle (1962), kẹ́ ẹ sì wo bó ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó ń dẹ́rù bani. Ó yẹ.

Melville náà, oníwèé kan ni wọ́n pè é fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń bẹ nínú Moby-Dick nìkan. Billy Budd wà nínú ìwé àfọwọ́kọ nígbà tó kú ní 1891, 1924 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Moby-Dick fúnra rẹ̀ ní àbùkù tẹ̀wétẹ̀wé: ẹ̀dà London, tó jáde ní oṣù kẹwàá 1851 ṣáájú ti New York, kò ní ọ̀rọ̀ ìparí níbi tí Ishmael, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, ti sọ bó ṣe là á já. Àwọn kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní England wá ń ṣe hàà pé báwo ni ẹni tó yẹ kó ti rì ṣe ń pìtàn. Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé ìkẹyìn rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ń bà jẹ́

Emily Dickinson kọ ewì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800, àwọn bíi mẹ́wàá ló jáde kó tó kú ní 1886. Mabel Loomis Todd àti T. W. Higginson ló kọ́kọ́ kó díẹ̀ jọ ní 1890. Wọ́n yọ dáàṣì rẹ̀, wọ́n fi orúkọ sórí ewì tí kò lórúkọ, wọ́n tún àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣe kí ó lè dún bí ewì àwọn ẹlòmíràn. Thomas H. Johnson dá wọn padà sípò ní 1955, R. W. Franklin tún ṣe é ní 1998, Harvard ló sì tẹ méjèèjì, ẹ̀tọ́ wọn kò tíì bọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni èyí tí wọ́n bà jẹ́, òun náà sì ni olùtẹ̀wé tí kò fẹ́ sanwó máa ń dì tuntun pẹ̀lú àwòrán òdòdó lára ẹ̀yìn. Bí ewì inú rẹ̀ bá ní àkọlé tí kò sì ní dáàṣì, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ó yẹ fún ọ̀wọ́ èyíkéyìí, àmọ́ kí wọ́n sanwó ẹ̀dà gidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ti Twain yàtọ̀ díẹ̀. Ìdìpọ̀ Mississippi Writings jáde ní 1982. Ní 1990 ni wọ́n wá rí ìdajì àkọ́kọ́ ìwé àfọwọ́kọ Huckleberry Finn, tó ti sọnù tipẹ́, nínú àjà ilé kan ní Hollywood. Ẹ̀dà tí ilé ìtẹ̀wé University of California gbé jáde ní 2001 ló lò ó. Wíwà nínú ọ̀wọ́ ńlá kò wá túmọ̀ sí pé ẹ̀dà ibẹ̀ ló tuntun jù.

Douglass, Baldwin, Morrison

Frederick Douglass kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 1845, 1855 àti 1881. Ti 1845 ni gbogbo ilé ìwé ń lò torí ó kúrú. Kíkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan, bí Henry Louis Gates ṣe ṣe ní 1994, ló ń jẹ́ kí ẹ rí i pé ní 1845 kò lè sọ bó ṣe sá kúrò lóko ẹrú, nítorí àwọn tó ràn án lọ́wọ́ àti àwọn tó ṣì fẹ́ sá. Ó di 1881, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé pé aṣọ atukọ̀ ló wọ̀, tó yá ìwé àṣẹ atukọ̀ kan, tó sì wọ ọkọ̀ ojú irin jáde ní Baltimore. Kò sí ìwé ẹlẹ́yọ tó lè fi èyí hàn yín.

Toni Morrison, tó gba Nobel ní 1993, yẹ ju ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí ìkánjú: gbogbo ìtàn àròsọ rẹ̀ ló wà lórí àtẹ, wọn kò sì ní wọn gégé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe olóòtú ìdìpọ̀ James Baldwin méjì ti 1998. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn lẹ máa rà, ẹ mú Collected Essays. Ìtàn àròsọ Baldwin dára, àròkọ rẹ̀ ló ga jù.

Ká wá ní àyè ìdìpọ̀ mẹ́wàá péré ló wà nínú láíbìrì ilé ìwé kan. A óò mú Douglass; méjì Hurston; Baldwin (àròkọ); Faulkner 1930–1935; Melville (èyí tí Moby-Dick wà nínú rẹ̀); Whitman; Poe (ewì àti ìtàn rẹ̀ nìkan, torí ìdìpọ̀ àròkọ rẹ̀ lé ní 1,400 ojú ìwé, àwọn olùṣèwádìí ló wà fún); Wright (ìdìpọ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀); àti Flannery O'Connor, tí gbogbo ìtàn rẹ̀ wọ inú ìdìpọ̀ kan. Henry James kò sí níbẹ̀. Ó ní ju ìdìpọ̀ mẹ́wàá lọ fún ara rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ yìí, bẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, àyè kò ní ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn.

Ẹ máa ṣọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìwé. “Complete” àti “Collected” kì í ṣe nǹkan kan náà. Collected Works ti O'Connor ṣa lẹ́tà rẹ̀ ni, kò kó gbogbo wọn. Collected Essays ti Baldwin náà fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀, àwọn tí Randall Kenan wá kó jọ sínú The Cross of Redemption ní 2010. Ẹ wo ojú ìwé àkóónú kẹ́ ẹ tó sanwó.